Ẹ̀wù Ọmọ Ọdún Méje

Aṣọ funfun kan tí wọ́n ká sọ́nà mẹ́rin ló wà lórí tábìlì oúnjẹ wa lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Kò lẹ́wà, kò burú. Ká ní mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá ni, ǹ bá kọ ọ́ sínú ìwé mi pé, "Aṣọ, ẹyọ kan," ǹ bá sì ṣí ojú ewé mìíràn. Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò mi tó gbé e wálé kò lè wò ó kí omi má bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá, kì í ṣe ohun tí mo fi sínú àpò ìwé nìyí," ló wí fún mi. "Ẹ̀wù ni mo fi sí i. Ẹ̀wù ọmọdé tí mo rán."

Adákẹ́ la ń pè é láti kékeré, nítorí ọ̀rọ̀ kì í dédé jáde lẹ́nu rẹ̀. Agéṣọ ni. Gbé aṣọ èyíkéyìí síwájú rẹ̀, á ti mọ ibi tí sísọ́ọ̀sì máa gbà kó tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀ ti kógbá sílé, ó ti lé lọ́dún kan. Láti ìgbà náà, pálọ̀ wa ló ń sùn, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, ní ìrìn àjò odidi ọjọ́ kan sí wa. Ọmọ ọdún méje ni. Orí fóònù ni Adákẹ́, ìyá rẹ̀, ti ń tọ́ ọ.

Iṣẹ́ olórí agéṣọ ni Adákẹ́ lọ wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń rán aṣọ ilé-ìwé. Ẹni tó bá rí iṣẹ́ náà gbà máa gba kọ́kọ́rọ́ yàrá kan pẹ̀lú, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ níbẹ̀. Yàrá yẹn ló jẹ wá lógún jù, nítorí ọjọ́ tí Adákẹ́ bá gba kọ́kọ́rọ́ ni ọmọ rẹ̀ máa wálé.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan tí kì í dùn mọ́ mi nínú. Èmi ni ọlọ́pàá ilé wa, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́, mo fẹ̀yìn tì pẹ̀lú oyè sájẹ́ǹtì. Òun fi ọgbọ̀n ọdún tirẹ̀ jókòó sí ọ́fíìsì ìgbanisíṣẹ́ ilé ìwòsàn kan, ó ń ka lẹ́tà àwọn tó ń wáṣẹ́. Ìyá Fáìlì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Bí mo ṣe ń wá olè lójú títì, bẹ́ẹ̀ lòun ń wá irọ́ lórí ìwé. Irọ́ tó mú pọ̀ ju olè tí mo mú lọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé.

"Nu ojú ẹ," ló wí fún Adákẹ́. "Ẹkún kì í ṣe ẹ̀rí. Bẹ̀rẹ̀ láti géètì."

"Mo dé níbẹ̀ ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Mọ́mì."

"Aago mélòó ni wọ́n pè yín?"

"Mẹ́sàn-án."

"O káre. Ṣé o kí gétìmáànù?"

"Mo kí i."

"O káre lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó rò pé iwájú ọ̀gá ni íńtáfíù ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ti pẹ́ kó tó dé. Ẹ̀yin mélòó lẹ jókòó?"

Àwọn mẹ́ta ni. Bàbá kan tó wọ gíláàsì tó nípọn ti wà níbẹ̀ kí Adákẹ́ tó dé. Ẹnì kẹta ni ọkùnrin kan tó de táì, tó sáré wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́tà tí wọ́n fi pè wọ́n ní kí oníkálukú mú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ kan wá nínú àpò ìwé. Akọ̀wé ní kí wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì lábẹ́ fèrèsé, ó sì wọlé lọ. Ẹnu Adákẹ́ gbẹ, ó jáde lọ mu omi. Nígbà tó padà, àpò ìwé rẹ̀ wà níbi tó fi í sí. Wọ́n pe Bàbá Onígíláàsì, lẹ́yìn náà wọ́n pe Adákẹ́. Ó ṣí àpò níwájú Ọ̀gá Obìnrin tó ni ilé iṣẹ́, aṣọ funfun yìí ló bọ́ jáde.

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní kí wọ́n má bínú."

"Kí ni òmíràn?"

Adákẹ́ wo ilẹ̀. "Kò sí òmíràn, Mọ́mì. Mo jáde."

Ìyàwó mi mí kanlẹ̀. "Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣé ẹnu ẹ ti wà lára ohun tí wọ́n jí ni? Ò bá ní kí wọ́n fún ẹ ní aṣọ àti sísọ́ọ̀sì, kó o gé òmíràn lójú wọn."

"Mi ò rò ó débẹ̀."

"Ó dáa. Ìgbà wo ni wọ́n máa mú ènìyàn?"

"Lọ́la, aago méjìlá. Wọ́n ní kí gbogbo wa padà wá gbọ́ èsì. Tí mo bá rí iṣẹ́ mi kó tó dìgbà yẹn, kí n gbé e wá."

"Ṣé kò lè rán òmíràn ni?" ni mo béèrè.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi rán an, Bàbá. Mo ṣe àwọn nǹkan kan sí i."

Ìyá Fáìlì gbójú sókè wàràwàrà. "Àwọn nǹkan wo?"

"Nǹkan kéékèèké ni," Adákẹ́ wí.

Mo ti ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo ti ya àwòrán yàrá ìdúró, mo ti fi pẹ́ńsùlù mi tọ́ka síbi tó yẹ. "Gétìmáànù ni," ni mo wí.

"Kí lẹ rí, Sájẹ́ǹtì?"

"Gétìmáànù ló sábà máa ń jẹ́."

"Bàbá wa, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná." Ó fa aṣọ funfun náà mọ́ra. Ó fi àtàǹpàkò ra á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé etí rẹ̀ sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. "Aṣọ tuntun ni. Omi ò tí ì kàn án rí. Líle ọjà ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ wo etí rẹ̀. Kò sí ojú sísọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi fà á ya."

"Kí nìyẹn wá túmọ̀ sí?"

"Mi ò tí ì mọ̀," ló wí, ó sì rọra fi aṣọ náà sínú ọ̀rá.

Mi ò fẹ́ràn kí wọ́n sọ fún mi pé àwọn ò tí ì mọ̀. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, a máa ń mọ̀ lójú ẹsẹ̀, kódà bí a bá ń ṣì í mọ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé Adákẹ́ ti jìyà kó tó rí ìpè yìí. Lẹ́tà mọ́kàndínlógún ló ti kọ ṣáájú, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nínú gbogbo wọn: "Òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí, mo sì lè ṣe iṣẹ́ èyíkéyìí." Ọjọ́ tí Ìyá Fáìlì ka ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín títí. "Ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ èyíkéyìí, èwo ni ká fún un nínú ẹ̀?" Ó ní kó jókòó kó kọ ti ilé iṣẹ́ yìí lọ́tọ̀: irú aṣọ tó ti gé, iye tó ń gé lóòjọ́, bó ṣe ń tẹ́ àwòṣe sórí aṣọ kí èyí tó máa ṣòfò má pọ̀. Òun náà ló ní kí a má kàn jókòó ti ìpolówó iṣẹ́ inú ìwé ìròyìn. Ó pe àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń wá agéṣọ, títí nọ́ọ̀sì kan fi sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ń ránṣọ níbì kan tí olórí agéṣọ wọn fẹ́ fẹ̀yìn tì. Gbogbo wàhálà yìí la ṣe. Ẹnì kan wá nawọ́ lábẹ́ fèrèsé, ó fẹ́ kó o lọ.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́ náà ní aago mẹ́wàá. Gétìmáànù jẹ́ ọkùnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀. Mo wò ó bí mo ṣe máa ń wo afurasí.

"Ọ̀rẹ́, ibo lo wà lánàá láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án?"

"Ibí yìí ni, Bàbá."

"O ò gòkè lọ?"

Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Orúnkún rẹ̀ wú, ó sì fi báńdéèjì dì í. "Yàrá ìdúró wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹ́yìn. Àkàbà tó ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta gan-an, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ ni."

Ìyá Fáìlì wúkọ́. Mo mọ ìwúkọ́ yẹn.

"Ẹ má bínú sí ọkọ mi," ló wí. "Ìwé wo lẹ fi ọwọ́ lé yẹn?"

Ìwé géètì ni. Nílé iṣẹ́ aránṣọ, aṣọ lohun tó ń rọrùn láti sọnù, nítorí náà, aṣọ yòówù tí ẹni tó ń wọlé bá gbé dání, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó má bàá dàpọ̀ mọ́ ti ilé iṣẹ́ nígbà tó bá ń jáde. Ìyàwó mi béèrè bóyá a lè wo ti àná. Gétìmáànù wo Adákẹ́, ó rántí pé ó kí òun dáadáa, ó sì ṣí ìwé náà.

Bàbá Onígíláàsì ló kọ́kọ́ dé: ṣòkòtò kan, aṣọ funfun kan. Adákẹ́ ló tẹ̀ lé e: ẹ̀wù ọmọdé kan. Onítáì ló dé kẹ́yìn: àpò ìwé kan.

"Àpò ìwé kan? Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Mi ò rí inú ẹ̀, Ìyá. Ó ní òun ti pẹ́. Ó kọjá lára mi bí ẹni pé òpó iná ni mí."

Èmi ò gbọ́ èyí tó kù. Aṣọ funfun kan! Ojú mi ti lọ sórí ìlà àkọ́kọ́, mo ti ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

*

Bàbá Onígíláàsì jókòó nínú yàrá ìdúró, àpò rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ó jù mí lọ́jọ́ orí díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ni mo wí, "aṣọ funfun tẹ́ ẹ gbé wọlé lánàá dà?"

"Ó wà níbí." Ó tú àpò, ó yọ nǹkan kan tó wé, ó ṣí i. Sísọ́ọ̀sì ló wà nínú rẹ̀, tó mú, tó ń dán. "Ọdún méjìlélógún la ti jọ wà. Àbí ìwé ìròyìn ni kí n fi wé e?"

Ìyá Fáìlì ti dé. Ó tẹ́ aṣọ Bàbá Onígíláàsì sórí àga, ó tẹ́ ti inú ọ̀rá tì í. Funfun ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣẹ́ etí ti Bàbá Onígíláàsì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì rán an wínníwínní, bẹ́ẹ̀ aṣọ tí wọ́n kàn fi ń wé sísọ́ọ̀sì ni. Etí ti kejì ń tú fùú.

"Bàbá, ṣé aránṣọ ló ni èyí?"

Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Rárá o. Aránṣọ kì í gbé aṣọ tí etí rẹ̀ ń tú kiri. Bí ẹni tó jáde láìfọ ẹnu ni."

Mo pa ìwé àkọsílẹ̀ mi dé. Lẹ́ẹ̀kan náà, Onítáì wọlé. Ó múra dáadáa, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bi mí léèrè ìlera, ó yin aṣọ ìyàwó mi, ó sì sọ ọjà tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti rà á. Ká má purọ́, ọkùnrin náà wù mí.

"Ọmọ mi, ẹ dákun," ni Ìyá Fáìlì wí fún un, "okùn báàgì mi já." Ó yọ ègé aṣọ ìrọ̀rí àtijọ́ kan jáde. "Ẹ bá mi mú tín-ínrín kan lára èyí, kí n fi so ó."

"Kò tó nǹkan, Mọ́mì." Ó gba aṣọ, ó fi eyín gé etí rẹ̀ díẹ̀, ó di í mú lọ́tùn-ún lósì, ó fà á. *Fàààà!* Tín-ínrín kan jáde, ó gún bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Bàbá Onígíláàsì fi ọwọ́ bo sísọ́ọ̀sì rẹ̀ bí ẹni pé kò yẹ kó rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi dúpẹ́, ó so báàgì rẹ̀, ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ẹ rí i?" ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo rí i," ni mo dáhùn. Mi ò rí nǹkan kan.

*

Ọ̀gá Obìnrin gbọ́ tẹnu Ìyá Fáìlì títí. Obìnrin tí kì í fi àkókò ṣòfò ni. Tépù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀ nínú ọ́fíìsì. Lẹ́yìn rẹ̀, lára ògiri, kọ́kọ́rọ́ kan wà lórí ìṣó. Adákẹ́ ti rí i lánàá.

"Mi ò wá fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni," ni ìyàwó mi wí. "Mo kàn bẹ̀ yín kẹ́ ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta nípa iṣẹ́ tí wọ́n mú wá. Ta lẹ ṣe é fún? Kí ló le níbẹ̀? Kí lẹ wá ṣe sí i? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bi àwọn tó ń wáṣẹ́ ní mẹ́ta yìí. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ní ìtàn rẹ̀ lẹ́nu."

Ọ̀gá Obìnrin ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé ohun méjì sórí tábìlì. Ọ̀kan ni ṣòkòtò Bàbá Onígíláàsì. Èkejì ni ẹ̀wù ọmọdé kan tó ní kọ́là kékeré, tí bọ́tìnnì rẹ̀ tò geere.

Ọwọ́ Adákẹ́ gbé sókè fúnra rẹ̀. "Ẹ̀wù mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí," ni Onítáì wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "iṣẹ́ mi nìyẹn. Èmi ni mo gbé e fún wọn lánàá."

"Ẹni méjì kò lè rán ẹ̀wù kan," ni Ọ̀gá Obìnrin wí. Ó kọjú sí Onítáì. "Ta lẹ ṣe é fún?"

"Fún ọmọ ọdún méje, Mà. Ìwọ̀n tí gbogbo ayé mọ̀. Aṣọ tí mo lò, ojúlówó òwú ni. Ẹ fọ̀ ọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún, àwọ̀ rẹ̀ kò ní ṣí. Ẹ sá a sóòrùn, kò ní súnkì. Òbí tó bá fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan kò ní fẹ́ fi í sílẹ̀..." Ó ń bá a lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn débi pé èmi tí mi ò ní ọmọ kékeré nílé mọ́ ti fẹ́ ra méjì.

"Kí ló le níbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò sí ohun tó le fún mi, Mà. Ọdún kẹwàá rèé tí mo ti ń gé aṣọ."

Ìyá Fáìlì wo òrùlé. Ọ̀gá Obìnrin yí sí Adákẹ́. "Ìwọ ńkọ́? Ta lo ṣe é fún?"

Adákẹ́ la ẹnu. Kò sí ohun tó jáde. Mo gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ nísàlẹ̀ tó ń ké, mo gbọ́ aago ara ògiri. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Èmi náà mọ̀ pé bí ẹnì kan bá bá a sọ ọ́, ó ti tán nìyẹn. Ọ̀gá Obìnrin ti ń na ọwọ́ sí ẹ̀wù náà láti ká a padà.

"Ọmọ mi ni," ni Adákẹ́ wí.

Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò dúró mọ́.

"Ọmọ mi ni mo rán an fún, Mà. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti rí i. Mi ò rí ara rẹ̀ wọ̀n, nítorí náà mo ní kí ìyá àgbà rẹ̀ fi okùn wọ̀n ọ́n, kó so kókó sí i níbi èjìká, níbi ọrùn ọwọ́, níbi ìbàdí, kó fi okùn náà ránṣẹ́ sí mi. Okùn náà ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ọmọ ń dàgbà, okùn kì í dàgbà. Kí n tó gé e tán, ó ti lè kúrú. Ẹ yí apá rẹ̀ síta, Mà. Mo ṣẹ́ aṣọ po sínú rẹ̀ níbi tí ojú kò tó, mo fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gán an. Òwú aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀. Ẹ fà á."

Ọ̀gá Obìnrin yí apá ẹ̀wù náà síta. Ó wá a díẹ̀, ó rí òwú náà, ó fà á. Òwú jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, apá ẹ̀wù náà sì gùn sí i ní ìwọ̀n ìka méjì lójú gbogbo wa.

"Apá kejì rí bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀," ni Adákẹ́ wí. "Èjìká òsì, ẹ fọwọ́ kàn án, mo rán an lẹ́ẹ̀mejì. Èjìká yẹn ló fi ń gbé báàgì rẹ̀ kọ́. Mo bá a wí títí, kò gbọ́."

Ọ̀gá Obìnrin tẹ́ ẹ̀wù náà, ó ń fi ọwọ́ pa á. "Lọ́dọọdún làwọn òbí máa ń wá bá mi níbí pé aṣọ ti kúrú," ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè sí Onítáì.

Onítáì ń wo òwú aláwọ̀ ewé tó wà lórí tábìlì. Ó fi ọwọ́ dẹ táì rẹ̀.

"Aṣọ lẹ ń tà tẹ́lẹ̀," ni Ìyá Fáìlì wí fún un. Kò pariwo.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ẹni tó ń gé aṣọ kì í fà á ya. Ẹni tó ń tà á níí fi eyín ṣí ojú rẹ̀, táá sì fà á. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe sí ìrọ̀rí mi, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe sí aṣọ funfun yìí. Tuntun ni, ẹ rà á kí àpò ìwé yín lè nípọn, pẹ̀lú ìrètí pé ẹnu yín máa gbà yín sílẹ̀. Àfi ìgbà tí Adákẹ́ jáde lọ mu omi, tí Bàbá yìí ń nu gíláàsì, lẹ rí ohun tó sàn jùyẹn."

"Mo gbé e wò lásán ni ná," ni Onítáì wí. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wáṣẹ́, Mọ́mì. Ẹnì kan ló bá mi kọ ìtàn iṣẹ́ mi. Ó ní kí n kọ ọdún mẹ́wàá, pé kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ lo ọjọ́ méjì. Mo na ọwọ́ sí ìbàdí láti yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí mo ti dá padà fún ìjọba láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

"Ẹ máa lọ," ni Ọ̀gá Obìnrin wí fún un.

Ó yíjú sí Adákẹ́ kó tó jáde. "Àǹtí, ẹ dárí jì mí."

Adákẹ́ wò ó. "Ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi," ló wí.

Ìyá Fáìlì ló bá ọkùnrin náà dé ẹnu ọ̀nà. Inú bí mi, mo tẹ̀ lé wọn kí n lè gbọ́. "Ẹ bá wa sọ̀rọ̀ aṣọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ọkọ mi san owó," ló ń sọ fún un. "Ṣé ìmọ̀ kọ́ nìyẹn? Ẹ ya ìwé tẹ́ ẹ gbé kiri yẹn. Ẹ kọ ọjà tẹ́ ẹ ti tà, bí ẹ ṣe ń mọ ojúlówó, iye ọdún tẹ́ ẹ fi tà á gan-an. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń wá olùtajà. Ẹ wá mi wá lọ́jọ́ Sátidé, màá bá yín kà á." Mo ní kí ó má wá. Ìyàwó mi ní kí n má da ara mi láàmú.

Nígbà tí a padà wọlé, Bàbá Onígíláàsì ti ń bọ Adákẹ́ lọ́wọ́. "Iṣẹ́ rẹ ju tèmi lọ, ọmọ mi, mo ti rí i," ló wí. Ó ní òun ní íńtáfíù mìíràn ní aago méjì; ọ̀nà kan ò wọjà. Ó wé sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀gá Obìnrin yọ kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó. "Ṣé o ní ìbéèrè kankan fún mi?"

Adákẹ́ wo Ìyá Fáìlì. Ìyá Fáìlì kò mi orí, kò ṣẹ́jú. Ó ti sọ fún un nílé pé ẹni tí kò bá ní ìbéèrè, á dà bíi pé iṣẹ́ náà kò jẹ ẹ́ lógún.

"Ilé-ìwé wo ló sún mọ́ ibí jù, Mà?"

Ọ̀gá Obìnrin rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Òpópónà méjì sí ibí ni. Àwa la ń rán aṣọ wọn."

*

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ọmọ náà dé. Èmi àti ìyàwó mi wà nínú yàrá náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, fèrèsé tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká òsì, ìyá rẹ̀ sì bá a wí kó tó dì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó di í mú, ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀.

Ó gbé ẹ̀wù náà wọ̀ ọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fa òwú aláwọ̀ ewé ní apá kejì, ó fa ti ìsàlẹ̀. Gbogbo aṣọ tó ṣẹ́ po ló tú sílẹ̀ tán. Apá ẹ̀wù náà kò dé ọrùn ọwọ́ ọmọ náà síbẹ̀.

"Ó kúrú, Mọ́mì," ni ọmọ náà wí.

Adákẹ́ ń wo ọrùn ọwọ́ náà. Mo rò pé ó máa sunkún, èmi ni mo sì ń wá áńkáṣíìfù. Ó nawọ́ sórí tábìlì, ó mú tépù.

"Mo ti rí i," ló wí. "Dúró dáadáa, kí n fi ọwọ́ ara mi wọ̀n ọ́."